Snowmobile àlòkù méjì fún orí òkè: ìbéèrè àti ìdáhùn kí owó tó kúrò lọ́wọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra snowmobile (ọkọ̀ orí yìnyín) àlòkù tí màá máa gùn lórí òkè, mo sì ti rí méjì tí owó wọn ò jìnnà síra. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti 2018, ẹ́ńjìnnì 850 cc tí kò ní turbo (ohun tó ń fi agbára ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì), track rẹ̀, ìyẹn rọ́bà gbọọrọ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀, gùn ní ínǹṣì 165, eyín rọ́bà rẹ̀ ga ní ínǹṣì 3. Ó ti rin máìlì 2,600, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ti ń lò ó láti tuntun, àmọ́ ara rẹ̀ ti ha káàkiri. Èkejì jẹ́ ti 2021, 850 náà ni, track ínǹṣì 155, eyín ínǹṣì 2.5, máìlì 700 péré. Ó ń dán gbinrin, ẹni tó ń tà á sì ti fi turbo sí i fúnra rẹ̀. Ohun kan ló ń kọ mí lóminú: tí mo bá tẹ throttle rẹ̀ (ohun tí a ń tẹ̀ kó lè sáré) lójijì, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó ń súkè kó tó ja lọ. Ẹni tó ń tà á ní púlọ́ọ̀gì ló dọ̀tí. Kílò 95 ni mí, ọdún kejì mi nìyí lórí yìnyín, òkè tí a máa ń gùn ga tó mítà 2,800. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Mo mọ̀ pé máìlì 700 yẹn ti wọ̀ ọ́ lójú, èmi náà ti kó sí irú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n máìlì kì í sọ òtítọ́ tán nípa ẹ́ńjìnnì orí òkè. Èyí tó ń sáré lójú ọ̀nà tí wọ́n ti tẹ́ lè rin máìlì 30 láàárín wákàtí kan láì làágùn. Èyí tó ń fà á nínú yìnyín jíjìn lè fi wákàtí kan náà jó throttle dé òpin, kó má sì rìn ju máìlì mẹ́jọ lọ. Wákàtí ni kó o béèrè. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe lọ́dún wọ̀nyí máa ń fi wákàtí ẹ́ńjìnnì hàn lójú géèjì. Fi wákàtí pín máìlì: bó bá jẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, inú yìnyín jíjìn àti àárín igi ló ti ń jẹun, bó bá ju 18 lọ, ojú ọ̀nà ló ti pọ̀ jù. Ojú tèmi ni mo fi wò ó, kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n ó ti gbà mí lọ́wọ́ ìnáwó lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó ha lára kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tí olówó rẹ̀ ò ní jẹ́ kí n tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò ló ń bà mí lẹ́rù.

Ìbéèrè: Òsúkè yẹn ńkọ́? Ṣé púlọ́ọ̀gì nìkan lè fà á lóòótọ́?

Ìdáhùn: Ó lè fà á. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀gì méjì péré ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Bó bá dá a lójú pé àwọn ni, kí ló dé tí kò pààrọ̀ wọn kó tó pe oníbàárà?

Mú púlọ́ọ̀gì tuntun méjì dání, kó o padà lọ. Sọ fún un ṣáájú pé kó má sítáàtì rẹ̀ kó o tó dé. Bó o bá ti ń kí i ni kó o ti gbé ọwọ́ lé sàlẹ́ńsà. Bó bá gbóná, béèrè ìdí, torí pé ẹ́ńjìnnì tí kì í fẹ́ jí nínú òtútù ni wọ́n sábà máa ń mú gbóná sílẹ̀ de àlejò.

Lẹ́yìn náà, jẹ́ kó súkè lójú rẹ, kó o sì tẹjú mọ́ nọ́ńbà RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín sí méjì. Bí nọ́ńbà bá ń gòkè tí ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ò fẹ́ lọ, ẹ́ńjìnnì ò jẹ̀bi. Bẹ́líìtì tàbí kílọ́ọ̀ṣì ni. Ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó o yọ bẹ́líìtì: bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ń dán bíi dígí, tí ó ti sán, tàbí tí ó fẹ̀ níbì kan tí ó tín-ín-rín níbòmíràn, ó ti parí iṣẹ́. Rántí pé ìwọ̀n irin inú kílọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń bá gíga òkè mu. Èyí tí wọ́n tò fún orí òkè máa ń yí ju bó ṣe yẹ lọ ní ìsàlẹ̀ òkè, nítorí náà béèrè ibi tí wọ́n ti tò ó kó o tó pe ìyẹn ní àìsàn.

Bí RPM bá já wálẹ̀ nígbà tó ń súkè, ẹ́ńjìnnì gan-an lọ́rọ̀ kàn. Yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, tò wọ́n sórí aṣọ funfun, má dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Tí ẹnu wọn bá ní àwọ̀ pákó tàbí tí ó dúdú díẹ̀, kò sí wàhálà. Bí ọ̀kan bá tutù fún epo tí èkejì gbẹ, sílíńdà kan ń jẹun, èkejì ń wòran. Bó bá funfun tí ó sì ní hóró wẹ́wẹ́ tó ń dán lára, alumíníọ̀mù písítìnì lo ń wò yẹn. Bá a dúpẹ́, kó o máa lọ.

Fi tuntun sí i. Tó bá dákẹ́, ó dáa. Tó bá ṣì ń súkè, àwọn tó kù nìwọ̀nyí: epo tó ti pẹ́ nínú táǹkì láti ọdún tó kọjá, tí omi ti bá a pọ̀, ewé tín-ín-rín ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tí etí rẹ̀ ti gé, fáàfù sàlẹ́ńsà tí èédú ti lẹ̀ pa, páńpù epo tó ti rẹ̀, tàbí ètò turbo náà fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ turbo yìí yẹ kí n dúró lé lórí. Ìdí tó fi wu ènìyàn yé mi. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní turbo máa ń pàdánù bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan tó bá gòkè. Èyí tó ní agbára ẹṣin 165 ní etí òkun, níbi mítà 2,800 rẹ yẹn, nǹkan bí 120 ló kù. Turbo ń dá ìyẹn padà. Ski-Doo, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe snowmobile, gbé 850 tó ní turbo láti ilé iṣẹ́ jáde fún ọdún 2020, Polaris tí wọ́n jọ ń díje tẹ̀ lé e pẹ̀lú tirẹ̀ fún 2022. Àwọn yẹn, ilé iṣẹ́ ló to epo, iná àti turbo pọ̀ kí wọ́n tó tà á. Èyí tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ gbé sí i yàtọ̀ pátápátá. Bí epo bá dín díẹ̀ péré nígbà tí turbo ń fẹ́, ooru á lu písítìnì kí ìṣẹ́jú tó pé. Bi í léèrè: ta ló gbé e sí i, ta ló to epo rẹ̀, irú pẹtiróòlù wo ló ń mu? Ẹni tó mọ ohun tó ṣe á dáhùn kó o tó bi í tán. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ họrí, ìdáhùn nìyẹn náà.

Kó o tó kúrò níbẹ̀, fi géèjì wọn compression (agbára tí sílíńdà fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀) sílíńdà méjèèjì. Yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, pa iná rẹ̀ kó má baà jó, tẹ throttle dé òpin, kó o fa okùn títí abẹ́rẹ́ géèjì ò fi ní gòkè mọ́. Nọ́ńbà yìí máa ń kéré bí o bá ṣe gun òkè tó, nítorí náà má fi wé ti ọ̀rẹ́ rẹ tó wà níbòmíràn. Sílíńdà kan ni kó o fi wé ìkejì rẹ̀. Tí ìyàtọ̀ bá ti ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nǹkan ń ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ. RPM já wálẹ̀, púlọ́ọ̀gì tuntun ò sì yí nǹkan kan padà. Compression ti 2021 jẹ́ 121 àti 99. Ẹni tó ń tà á ní géèjì mi ò dáa. Mo mú géèjì kan náà lọ sọ́dọ̀ ti 2018, mo rí 117 àti 114. Ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀: omi kúláǹtì rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìlà, olówó rẹ̀ sì gbà pé òun máa ń bù díẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Etí eyín track ti fàya níbi mélòó kan, tunnel, ìyẹn páànù tó bo track lórí, náà ká díẹ̀ lápá òsì lẹ́yìn. Nígbà tí mo sì gùn ún lójú ọ̀nà tó ti dì gbagidi, iná ooru tàn kí n tó rìn jìnnà. Ó ti tán, àbí?

Ìdáhùn: Kò tíì tán rárá. Jẹ́ ká kọ́kọ́ sin ti 2021. Géèjì tó bá bàjẹ́ á pa irọ́ fún sílíńdà méjèèjì bákan náà; kò lè parọ́ fún sílíńdà kan ṣoṣo kó wá sọ òtítọ́ fún ọkọ̀ ẹlòmíràn. Láti 121 sí 99, ìyàtọ̀ náà tó ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì bá òsúkè yẹn mu. Bí o bá lè ti kámẹ́rà kékeré gba ojú ihò sàlẹ́ńsà, ó ṣeé ṣe kó o rí ibi tí písítìnì ti ha lóòró. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa tú lo fẹ́ rà níbẹ̀, tòun ti turbo tí kò ní bàbá. Bí kò bá tà á ní owó ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti kú, gbàgbé rẹ̀.

Ó wá ku ti 2018. Iná ooru lójú ọ̀nà tó dì kì í ṣe ẹ̀rí pé ó bàjẹ́. Irú ọkọ̀ yìí kò gbára lé rédíétọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí bíi ti mọ́tò. Abẹ́ tunnel ni ibi tí omi rẹ̀ ti ń tutù, yìnyín tí track bá ń ta sókè ló sì ń tù ú. Bí ilẹ̀ bá le, kò sí ohun tí track máa ta. Pílásítíìkì tó bo ìsàlẹ̀ irin tí track ń yọ̀ lé lórí náà á máa jẹ, torí pé yìnyín lòróró rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ ọkọ̀ fi máa ń so irin kékeré tó ń ha ilẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn, kó lè máa họ yìnyín sókè. Wò ó bóyá irin náà wà níbẹ̀ tàbí ó ti kán.

Omi tó ń dín ni mo fẹ́ kó o lé. Ọ̀nà mẹ́ta ló lè gbà lọ. Ó lè jẹ́ ìdè hóòsì tó tú: wàá rí ojú ọ̀nà tútù nínú ìdọ̀tí. Ó lè jẹ́ inú ẹ́ńjìnnì: èéfín funfun tí òórùn rẹ̀ dùn lẹ́yìn tó ti gbóná dáadáa, àti púlọ́ọ̀gì kan tó mọ́ tónítóní bí ẹni fọ̀ ọ́. Compression tó o wọ̀n kò jọ ìyẹn, àmọ́ wò ó. Ọ̀nà kẹta ni mò ń fura sí jù: ibi ìtutù abẹ́ tunnel. Track tó bá dẹ̀ jù, tí eyín rẹ̀ ga ní ínǹṣì 3, máa ń gbá ibẹ̀ bó bá ń sáré, èyí sì lè jẹ́ ohun tó fa eyín tó fàya náà. Ti iná tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀, kó o fi ìka wá ibi tó ha. Bó bá lu, wọ́n lè jó irin rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n track gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó ráyè.

Tunnel tó ká lẹ́yìn kì í ṣe ikú. Track gígùn máa ń fi ẹ̀yìn gbálẹ̀ bí ọkọ̀ bá dìde. Iwájú ni kó o dojú kọ. Gbé ski méjèèjì, ìyẹn pátákó tó ń yọ̀ lórí yìnyín níwájú, tààrà: ṣé hándù náà dúró tààrà? Wọn apá tó mú ski lọ́tùn-ún àti lósì. Wá bóòtù tó ń dán láàárín àwọn tó ti ṣú, ibẹ̀ ni wọ́n ti tún ìjàǹbá ṣe. Ka nọ́ńbà ara tunnel pẹ̀lú, kó bá ti inú ìwé mu. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ tunnel, kó fi ìwé rẹ̀ hàn ọ́.

Ìbéèrè: Track ínǹṣì 165 yẹn kò ní gùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́?

Ìdáhùn: Ó máa ń lọ́ra láti yí láàárín igi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní kílò 95, tí o kò sì ní turbo, wàá máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá gbé ọ léfòó níbi tí 155 á ti gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀. Irú ọkọ̀ yìí wọ̀n tó nǹkan bí kílò 200 láì tíì bu epo sí i. Ẹni tó bá ti wú u jáde nínú kòtò lẹ́ẹ̀kan kì í jiyàn gígùn track mọ́.

Padà lọ pẹ̀lú páńpù ọwọ́ tó ní géèjì, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń dán rédíétọ̀ wò. Bu kúláǹtì dé ìlà, fún un lágbára tí wọ́n kọ sára ìdérí rẹ̀, má ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó o sì dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí abẹ́rẹ́ ò bá mì, gùn ún nínú yìnyín rírọ̀ kí ooru rẹ̀ wálẹ̀ lójú rẹ, lẹ́yìn náà kó o yọ owó track kúrò nínú iye tó pè, kó o sì san ìyókù. Bí abẹ́rẹ́ bá ń wálẹ̀, dákẹ́ jẹ́ẹ́, kó o fetí sí ibi tó ti ń dún ṣíì.