Bí mo ṣe kó dọ́là Morgan méjìdínlọ́gbọ̀n jọ: ọdún kan, ẹyọ kan

Ohun tí mo wá ni dọ́là fàdákà Morgan kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ìjọba Amẹ́ríkà rọ ọ́ láyé àtijọ́: 1878 dé 1904, àti 1921 tí wọ́n tún padà sídìí rẹ̀. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni gbogbo rẹ̀. Mi ò ka ti 2021 síwájú mọ́ ọn, torí kò sẹ́ni tó fi ìyẹn ra nǹkan lọ́jà rí. Mi ò wá èyí tí ọwọ́ kò kàn rí, mi ò sì wá èyí tí ojú rẹ̀ ti fá. Owó tí wọ́n ná díẹ̀ ni mo wá, irú tí àwọn oníṣòwò ń pè ní AU. Lórí òṣùwọ̀n ìpele tó bẹ̀rẹ̀ láti 1 tó parí sí 70, AU-50 dé AU-58 nìyẹn. MS-60 ni ti àwọn tí wọn ò ná rárá ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí mo fi yan ìpele yìí kò ju owó lọ. Ẹ wo 1884-S (S ni àmì ilé ìrọwó San Francisco): èyí tí wọ́n ti ná wà lọ́jà dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti di MS, iye rẹ̀ á fò kọjá agbára ọ̀pọ̀ èèyàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 1892-S. Fún 1881-S, ẹ̀wẹ̀, tí wọ́n rọ ju mílíọ̀nù méjìlá lọ, ìyàtọ̀ iye AU àti MS kò tó nǹkan. Torí kí gbogbo wọn lè bára mu nínú álíbọ́ọ̀mù nìkan ni mo ṣe mú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ní AU.

Yíyan ilé ìrọwó ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, orí ìwé ni mo sì ti ṣe é kí n tó ná kọ́bọ̀. Lẹ́tà kékeré tó wà lẹ́yìn owó, lábẹ́ ọ̀já tí wọ́n fi di ewé, lókè DO inú DOLLAR, ló ń sọ ibi tí wọ́n ti rọ ọ́. O ni New Orleans, S ni San Francisco, CC ni Carson City, D ni Denver (1921 nìkan). Èyí tí kò bá ní lẹ́tà, Philadelphia ni. Ọdún kan náà lè rọrùn níbì kan kó sì le níbòmíràn. Ní 1889, Carson City rọ 350,000 péré, Philadelphia sì rọ ju mílíọ̀nù mọ́kànlélógún lọ. Ti Philadelphia ni mo mú. Ní 1894, Philadelphia rọ nǹkan bí 110,000, New Orleans rọ ju mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Mo mú O. Fún 1901, 1901-O. Fún 1904, 1904-O. Ọdún 1893 kò ní ibi tó rọrùn: ilé ìrọwó mẹ́rin ló rọ ọ́, kò sì sí èyí tó pọ̀ nínú wọn. Owó tí mo fi rà á pọ̀ ju ti mẹ́wàá nínú àwọn yòókù lọ.

Ẹ má gbọ́kàn lé iye tí wọ́n rọ nìkan. Òfin 1878 ló ní kí ìjọba máa ra fàdákà mílíọ̀nù dọ́là méjì sí mẹ́rin lóṣù kí wọ́n sì fi rọ owó yìí, yálà àwọn èèyàn fẹ́ ẹ tàbí wọn ò fẹ́ ẹ. Ó wúwo, wọn ò fẹ́ràn rẹ̀, inú àpò ní yàrá ìṣúra ìjọba ni púpọ̀ rẹ̀ sì jókòó sí. Òfin mìíràn ní 1918 mú kí wọ́n yọ́ ju 270 mílíọ̀nù dọ́là fàdákà lọ, kò sì sẹ́ni tó kọ ọdún àwọn tó yọ́ náà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí 1903-O fi jẹ́ ohun ọ̀wọ́n fún àwọn olùkójọ títí di 1962, tí ìṣúra tú àwọn àpò kan síta, tí iye rẹ̀ sì já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó jáde nígbà náà, wọn ò ná wọn rí. Torí náà èyí tí wọ́n ná díẹ̀ gan-an ló ṣòro fún irú wa, 1903 ti Philadelphia ni mo sì fi dípò rẹ̀.

Irinṣẹ́ kò pọ̀: òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù, kálípà, lẹ́ńsì tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po márùn-ún àti òmíràn ti ìlọ́po mẹ́wàá, gílóòbù kan ṣoṣo nínú fìtílà orí tábìlì, àti aṣọ rírọ̀ tí mo tẹ́ sórí tábìlì kí owó tó bá já bọ́ má baà ṣá. Iná gígùn bíi ti ọ́fíìsì kò dára. Ó ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká, gbogbo àbùkù á sì sá pamọ́.

Bí mo ṣe ń wò ó nìyí. Etí ni mo fi ìka méjì di mú, mi ò fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Mo gbé e dàgẹ̀rẹ̀ sábẹ́ iná, mo sì ń yí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí òǹtẹ̀ irin tẹ fàdákà, fàdákà náà sún láti àárín lọ sí etí, sísún yẹn sì fi ìlà wẹ́wẹ́ sílẹ̀ tí ojú lásán kò rí. Àwọn ìlà yìí ló ń mú kí ìmọ́lẹ̀ máa yí lórí rẹ̀ bíi sípóòkì kẹ̀kẹ́. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà bá ti gé, tí àwọ̀ ibẹ̀ ṣú bí eérú, ọwọ́ àti àpò ti fa ibẹ̀ jẹ. Níwájú, níbi tí àwòrán orí obìnrin wà, irun òkè etí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́, lẹ́yìn náà etí fìlà rẹ̀ lókè. Lẹ́yìn, níbi tí àwòrán idì wà, àyà idì náà, èékánná rẹ̀, àti orí ìyẹ́ méjèèjì. Bí ìdajì dídán bá ṣẹ́kù, mo kà á sí AU-50. Bó bá ku ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, AU-55. Bó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, tó jẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti irun nìkan ló ṣú díẹ̀, AU-58. Owó yìí gan-an ni àwọn kan ń tà gẹ́gẹ́ bíi MS.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Irun tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò túmọ̀ sí pé wọ́n ná an. New Orleans kì í sábàá tẹ òǹtẹ̀ wọlé dáadáa, 1891-O àti 1892-O sì burú jù: òkè etí àti àyà idì lè tẹ́ láti ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́. Ẹ wo ìmọ́lẹ̀ orí ibi tó tẹ́ náà. Bó bá ń kọjá lórí rẹ̀ láìgé, ìtẹ̀ ló lẹ. Bó bá gé, ó ti jẹ. Ti 1921 tún yàtọ̀: wọ́n ti ba àwọn ìyá òǹtẹ̀ jẹ́ ní 1910, tuntun ni wọ́n gbẹ́, àwòrán rẹ̀ kò sì yọ sókè tó ti àtẹ̀yìnwá. Ẹ má fi 1881-S díwọ̀n rẹ̀.

Owó tí wọ́n fọ̀ ló ń jẹ mí lówó jù, ju ayédèrú lọ. Ásíìdì tí wọ́n ń ri owó bọ̀ máa ń jẹ àwọn ìlà wẹ́wẹ́ yẹn. Lẹ́ẹ̀kan, ó lè má hàn. Lẹ́ẹ̀mẹta, owó náà á funfun ṣùgbọ́n kò ní dán. Ọṣẹ ìfọyín àti àkísà ń fi ìlà tín-ín-rín tó ń lọ sójú kan náà sílẹ̀, tí ẹ kò ní rí àfi tí ẹ bá gbé owó náà dàgẹ̀rẹ̀. Owó tó ti rìn lọ́wọ́ èèyàn yẹ kó ní ìdọ̀tí díẹ̀ lẹ́bàá lẹ́tà àti ìràwọ̀, kí àárín rẹ̀ sì ṣú díẹ̀ bí eérú. Bí irun bá ti jẹ tí gbogbo ara rẹ̀ sì funfun gbòò, mo ń dá a padà.

Ayédèrú kò gba àkókò. Ojúlówó wúwo tó gíráàmù 26.73, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 38.1, fàdákà inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. AU lè fi díẹ̀ dín sí ìwọ̀n yẹn, ṣùgbọ́n bó bá ti lọ sí 26.3, mi ò rà á. Òòfà kò gbọdọ̀ fà á. Fún èyí tó kọ mí lóminú, mo gbé ife omi sórí òṣùwọ̀n, mo dá a padà sí òdo, mo fi okùn òwú so owó náà, mo sì rì í sínú omi láìjẹ́ kó kan ìdí ife. Òṣùwọ̀n gbọ́dọ̀ ka nǹkan bí 2.58 tàbí 2.6. Bó bá ka 3, bàbà tàbí irin mìíràn ni. Bí ó bá fọwọ́ kan ìdí ife, ìwọ̀n náà á fò sókè, ẹ ó sì ju ojúlówó nù.

Òṣùwọ̀n kò lè mú ojúlówó tí wọ́n yí lẹ́tà rẹ̀ padà, ìyẹn ló sì léwu. Wọ́n máa ń lẹ S mọ́ 1893, torí pé 100,000 péré ni 1893-S. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi tẹ iwájú rẹ̀: ẹ wá ìlà kékeré tó dàgẹ̀rẹ̀ lókè T inú LIBERTY. Fún 1895, wọ́n máa ń ha lẹ́tà kúrò kó lè dà bí ti Philadelphia, tí àwọn 880 tí wọ́n rọ lákànṣe fún àwọn olùkójọ nìkan ló wà. Nítorí èyí, inú àpótí ike tí PCGS tàbí NGC, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ owó wò tó sì ń fún un ní ìpele, ti dì ni mo ti ra 1893 àti 1895. Mo tẹ nọ́ńbà ara àpótí sórí ìkànnì wọn, mo sì fi àwòrán ibẹ̀ wé owó ọwọ́ mi, nítorí wọ́n ń ṣe ayédèrú àpótí pàápàá.

Kí n tó bá ẹnikẹ́ni nájà, mo mọ iye fàdákà inú rẹ̀: áúńsì 0.7734. Bí fàdákà bá jẹ́ 30 dọ́là, 23.20 nìyẹn. Mo kọ ọ́ sórí bébà. Tí ọjọ́ bá ti gbé fàdákà ga, ọdún tó wọ́pọ̀ kò yàtọ̀ sí irin, ẹ má san àfikún fún ìtàn.

Àpò ike rírọ̀ ni wọ́n fi kó díẹ̀ nínú wọn ránṣẹ́. Irú ike bẹ́ẹ̀ ń yọ ọ̀rá aláwọ̀ ewé kan sára fàdákà, ó sì ń jẹ ẹ́. Mo yọ wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Èyí tó ti ní ọ̀rá, mo rì í sínú asitónì tí kò ní àdàlù nínú abọ́ gíláàsì, mo da èyí tó dọ̀tí nù, mo bu tuntun, mo sì jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Mi ò nù ún, mi ò fi tówẹ̀lì kàn án. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, kò sí iná nítòsí. Asitónì tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò kò ṣeé lò, ó ní àwọ̀ àti òróró nínú. Lẹ́yìn náà, inú àpótí ike líle ti mìlímítà 38 ni mo fi wọ́n sí, pẹ̀lú àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin. Ẹni tó bá ń tọ́jú tirẹ̀ ní Èkó ní àsìkò òjò gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ àpò yẹn.

1895 ló ṣẹ́ kù kẹ́yìn. 1895-O tó wà ní AU ju ohun tí mo fẹ́ san lọ, ìyẹn sì ni ibi kan ṣoṣo tí mo ti sọ ìpele sílẹ̀: EF-40 ni mo fi dí ihò náà, pẹ̀lú àyà idì tó tẹ́ pẹrẹsẹ.