Irun tó ti gba rílásà, tó wá ń já: ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù ní ṣọ́ọ̀bù irun mi ní Àkúrẹ́ nìyí.

Ìbéèrè: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. FUTA ni mo wà. Irun mi ń já, ojú kan náà ló sì ti máa ń já, bí ìka méjì sí ìdí. Ṣé rílásà tí mo ń rà ní Ọjà Ọba ni kò dáa?

Ìdáhùn: Má tíì dá rílásà lẹ́bi, ọmọ mi. Irun tó bá ń já lójú kan náà, ọwọ́ ẹni tó ṣe é ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Rílásà ń já ìdè inú irun tó jẹ́ kó ká, ìyẹn ló fi ń nà. Èyí tó ti nà, ìdè rẹ̀ ti dínkù. Tí wọ́n bá tún kun rílásà lé e, ibi tí tuntun ti pàdé àtijọ́ ló máa ti já. Irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan ló yẹ kó gbà á. Kí onídìrí fi fásílìnì bo èyí àtijọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, tó bá sì fẹ́ fà á dé ṣóńṣó, dá a dúró. Orí tìẹ ni.

Irun ń hù tó sẹ̀ǹtímítà 1 àti díẹ̀ lóṣù. Nítorí náà, jẹ́ kó pé ọ̀sẹ̀ 8 sí 10 kí o tó padà lọ.

Fífọ̀ ló kù. Omi lásán ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣàn án dáadáa, kó tó kan ọṣẹ tó ń pa agbára rílásà. Irú ọṣẹ bẹ́ẹ̀ kan wà tí ìhó rẹ̀ máa ń pọ́n tí rílásà bá ṣì kù. Kí wọ́n máa fọ̀ ọ́ títí ìhó á fi funfun, kí wọ́n sì wo ẹ̀yìn etí àti ìpàkọ́, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Èyí tó ti já, gé ẹnu rẹ̀, má sì fi iná kàn án fún ìgbà díẹ̀. Kò sí ìpara tó lè so ó pọ̀ mọ́.

Ìbéèrè: Tó bá ń ta mí lórí, wọ́n á ní kí n ní sùúrù kó lè nà.

Ìdáhùn: Má ṣe ní irú sùúrù yẹn. Kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò ló wà nínú àwọn rílásà kan. Èyí tí wọ́n kọ “no lye” sí lára, ìyẹn ni pé kò ní kọ́sítíìkì yẹn, òun náà ń jó èèyàn. Bó bá ti ń ta, kí wọ́n ṣàn án kíá. Má họ orí, má sì fọ irun lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ rílásà. Bí orí bá lé ròrò, tàbí tí rílásà bá kán sí ojú, bu omi púpọ̀ sí i, kí o sì lọ sí ọsibítù.

Ìbéèrè: Oǹdó ni mo ń gbé. Ọṣẹ kì í hó nínú omi bọ́họ̀lù wa, irun mi sì gbẹ táútáú.

Ìdáhùn: Ẹ̀yin mà, irú omi bẹ́ẹ̀ ní kálísíọ́ọ̀mù, èròjà kan tó ń lẹ̀ mọ́ irun, tó sì ń jẹ́ kó gbẹ, rílásà “no lye” náà sì ń fi kálísíọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí irun. Ẹ máa gbe omi òjò, ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ má sì fo kọ̀ǹdíṣọ́nà.

Ìbéèrè: Ọmọ mi ọdún 6 ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, rárá. Ẹ bá a di ṣùkú tàbí pàtẹ́wọ́, kí ẹ má fà á le jù níwájú orí.