Bí Ẹ Ṣe Lè Tètè Mọ̀ Pé Ẹ̀jẹ̀ Ń Dà Nínú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ọ̀pá Ẹ̀yìn

Tí aláìsàn bá ti tíátà dé, bándéèjì ni ará ilé kọ́kọ́ máa ń wò. Tó bá gbẹ, ọkàn wọn á balẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó léwu jù nínú iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn kì í gba ojú bándéèjì jáde. Inú ikùn lọ́hùn-ún, lẹ́yìn ìfun, ló ń dà sí, ojú ọgbẹ́ á sì gbẹ táútáú. Kò wọ́pọ̀ rárá, àmọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, kì í fúnni láyè. Ẹni tó máa dúró ti aláìsàn la kọ èyí fún, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, ní LUTH Ìdí-Àràbà, ní LASUTH Ìkẹjà tàbí ní ilé ìwòsàn aládàáni ní Erékùṣù Èkó.

Ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ rèé. Dísìkì ló wà láàárín eegun ẹ̀yìn kan sí èkejì bíi tìmùtìmù. Iwájú rẹ̀, ní ìhà ikùn, ni iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn (iṣan àlọ) gbà sọ̀ kalẹ̀. Tó bá dé nǹkan bí eegun kẹrin ìbàdí, tí àwọn dókítà ń pè ní L4, á pín sí méjì, ọ̀kan á forí lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìkejì á forí lé ẹsẹ̀ òsì. Iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn (iṣan àbọ̀) wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Dísìkì L4-L5, ìyẹn èyí tó wà láàárín eegun kẹrin àti ìkarùn-ún, tó wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe abẹ fún jù, súnmọ́ ibi tí iṣan yìí ti pín gan-an. Ẹ̀yìn ni dókítà ń gbà wọlé, aláìsàn á dojú bolẹ̀, wọ́n á sì fi irin tín-ín-rín tó lẹ́nu já dísìkì tó bàjẹ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Irin yẹn kò yẹ kó wọ inú dísìkì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Tí awọ iwájú dísìkì bá ti gbó, tàbí tí wọ́n bá ti ṣe abẹ níbẹ̀ rí, irin lè gba ibẹ̀ kọjá kí ọwọ́ dókítà má mọ̀ ọ́n. Iṣan àlọ tó lọ sí ẹsẹ̀ òsì ló máa ń fara gbá jù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni dókítà kì í rí ẹ̀jẹ̀ kankan lójú abẹ, torí inú ikùn ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Kí ọjọ́ abẹ tó pé

Ẹ ka gbogbo oògùn tí aláìsàn ń lò fún dókítà, títí kan àgbo, paraga, aáyù oníhóró àti diclofenac tí wọ́n ń rà ní kẹ́mísì fún ẹ̀yìn dídùn. Wọ́n sábà máa ń dá àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì dúró: aspirin ní ọjọ́ 7 ṣáájú, clopidogrel ní ọjọ́ 5 sí 7, warfarin ní ọjọ́ 5, tí wọ́n á sì tún yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Dókítà nìkan ló lè pàṣẹ ìyẹn. Ẹni tí wọ́n fi stent (ọ̀pá kékeré tó ń la iṣan ẹ̀jẹ̀) sí lọ́kàn, tó wá dá oògùn dúró fúnra rẹ̀, lè kú kó tó dé tíátà.

Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ẹ má dúró di àárọ̀ ọjọ́ abẹ. Ẹni tó máa fúnni lẹ́jẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ọmọ ọdún 18, kó má ju 65 lọ, kó sì wọn tó kílò 50. Báàgì kan máa ń gba nǹkan bíi mílílítà 450. Wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún HIV, hẹpatáítìsì B àti C, àti rẹ́kórẹ́kó (syphilis). Wọ́n á tún pò ó mọ́ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kí wọ́n lè mọ̀ bóyá wọ́n bára mu. Gbogbo ìyẹn ń gba àkókò. Ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú fíríìjì bánkì ẹ̀jẹ̀ lè lo ọjọ́ 35, nítorí náà ẹ lè mú àwọn ará ilé lọ ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú.

Ẹ bi dókítà léèrè láìtijú: “Ẹ jọ̀wọ́ dókítà, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá bá fara pa, ta ló máa ran án? Ṣé ẹni náà wà ní ilé ìwòsàn yìí, àbí ẹ máa pè é láti ibòmíràn?” Dókítà tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ kò ní bínú sí i. Tí wọ́n bá ní àwọn máa pe ẹnì kan láti òdìkejì Third Mainland Bridge, ẹ rántí bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ṣe ń rí níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí abẹ náà jẹ́ ti àárọ̀.

Wákàtí 24 àkọ́kọ́

Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Àgbàlagbà tó wọn kílò 70 ní ẹ̀jẹ̀ bíi lítà 5 lára. Ó lè pàdánù mílílítà 750 kí bípì rẹ̀ má yí padà. Bípì kì í sábà já wálẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ tó dà á fi tó nǹkan bíi lítà 1.5. Ọkàn ló ń kọ́kọ́ sáré. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí “bípì wọn dáa” nìkan tẹ́ yín lọ́rùn.

Ẹ fi ìka méjì sí ọrùn ọwọ́ aláìsàn, ní ìhà àtàńpàkò, kí ẹ ka bó ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago. 60 sí 100 ló yẹ kó jẹ́. Ìrora tàbí ibà lè gbé e sókè. Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni kó máa gòkè ṣáá lẹ́yìn tí wọ́n ti fún un ní oògùn ìrora. Ẹni tó ń lo atenolol tàbí propranolol, àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, ńkọ́? Ọkàn tirẹ̀ lè má sáré rárá, ikùn àti ìtọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ túbọ̀ ṣọ́.

Ẹ tẹ ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́: ṣé ó ń wú, ṣé ó ń le, ṣé ó ń dùn ún níbi tí abẹ ò dé? Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ méjèèjì. Kí ọ̀kan tutù, kí àwọ̀ rẹ̀ sì ṣì ju ti ìkejì lọ, kò dáa. Ẹ wo báàgì ìtọ̀: ẹni kílò 60 yẹ kó tọ̀ tó mílílítà 30 ní wákàtí kan. Òógùn tútù, òùngbẹ àti àìfararọ tí kò nídìí wà lára àmì náà. Bípì tí nọ́ńbà òkè rẹ̀ kò tó 90, ewu ti wọlé nìyẹn.

Nọ́ńbà ni kí ẹ fi pe nọ́ọ̀sì, ẹ má kàn ní “ara wọn ò dá”: “Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, aago mẹ́jọ ọkàn bàbá ń lù ní 88, ó ti di 124 báyìí, ikùn wọn sì ń le. Ẹ bá wa pe dókítà.” Ẹ má fún un lómi tàbí tíì mu, torí wọ́n lè gbé e padà sí tíátà. Ẹ má fi òróró tàbí Robb wọ́ ikùn náà.

Dókítà á fa omi àti ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Tí ara rẹ̀ bá ṣì gbà á, wọ́n á ṣe síkáànì tó ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ hàn. Tí kò bá gbà á, tíátà tààrà ni, wọ́n á dá a dùbúlẹ̀, la ikùn, kí wọ́n sì rán iṣan náà. Níbi tí irinṣẹ́ bá wà, wọ́n lè gba itan ti ọ̀pá tín-ín-rín wọlé láti fi dí ojú ihò náà. Kí ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé má kúrò nílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Tó bá jẹ́ ọrùn ni wọ́n ṣe abẹ sí láti iwájú, tí ọrùn ń wú, tí ohùn ń yí padà tàbí tí mímí ń le, ẹ pariwo. Wọ́n lè ní láti tú ojú abẹ náà lórí bẹ́ẹ̀dì níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti délé

Àwọn ọgbẹ́ iṣan kan máa ń fara pamọ́. Iṣan àlọ àti àbọ̀ lè já pọ̀ mọ́ra wọn, kí ẹsẹ̀ máa wú, kí èémí máa kúrú, kí ọkàn máa rẹ̀ lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún. Àwọn dókítà Linton àti White ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa irú rẹ̀ lọ́dún 1945. Wọ́n sì máa ń tọ́jú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí aláìsàn ọkàn lásán, nítorí kò sẹ́ni tó rántí abẹ ẹ̀yìn mọ́. Kí ẹ tó kúrò nílé ìwòsàn, ẹ gba ìwé tó sọ irú abẹ tí wọ́n ṣe àti dísìkì tí wọ́n ṣe é sí. Dókítà yòówù tí ẹ bá lọ bá nítorí ẹsẹ̀ wíwú tàbí èémí kúkúrú, ẹ fi hàn án, kí ẹ sì ní kó fi ẹ̀rọ ìgbọ́kàn gbọ́ ikùn náà: ariwo tó ń hó láìdáwọ́ dúró máa ń wà níbẹ̀. Tí aláìsàn bá dákú nílé, 767 tàbí 112 ni nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó.