Bẹ́ ẹ ṣe máa yanjú gémù "ta ló ṣáájú ta" nínú ìdánwò ìgbaniwọlé

Ẹ mọ gémù tí wọ́n máa ń kó èèyàn mẹ́fà méje fún yín kẹ́ ẹ tò, wọ́n á ní lágbájá ṣáájú lámọrín, àbí lámọrín ò gbọdọ̀ kẹ́yìn. LSAT táwọn tó fẹ́ kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà máa ń ṣe ti yọ ọ́ kúrò láti oṣù kẹjọ 2024, àmọ́ àwọn pépà àtijọ́ wọn ṣì dáa gan-an láti fi kọ́ ọwọ́, torí irú ẹ̀ ṣì wà nínú CAT, ìdánwò táwọn tó fẹ́ kọ́ nípa ìṣàkóso okòwò máa ń ṣe ní Íńdíà. Gémù 4 ní ìṣẹ́jú 35 ni LSAT ń fúnni nígbà yẹn, ìṣẹ́jú 9 ò pé fún ọ̀kan, ẹ ò wá lè máa fi orí lásán ṣe é. Ẹ yàwòrán.

Ká ní A, B, D, E, F àti G fẹ́ ṣe ìntáfíù lọ́kọ̀ọ̀kan. B ṣáájú D, D ṣáájú G, D tún ṣáájú F, E náà ṣáájú F. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa A. Ẹ má kọ rúùlù wọ̀nyí sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o, ẹ so gbogbo ẹ̀ pọ̀: ẹ fa ìlà látọ̀dọ̀ B dé D, kó yà sí méjì níbẹ̀, ọ̀kan bá G lọ, ìkejì bá F lọ, kí E náà fa tiẹ̀ wá bá F. Ẹ kọ A sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kẹ́ ẹ fi òbírí yí i ká, torí téèyàn bá ti gbàgbé A báyìí, ó tán.

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, èmi náà ṣubú níbẹ̀ àìmọye ìgbà: wọ́n á rí G lókè F nínú àwòrán tí wọ́n fọwọ́ ara wọn yà, wọ́n á gbà pé G ló ṣáájú F. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìlà kankan ò so wọ́n pọ̀. Bákan náà, "B ṣáájú D" ò ní kí D tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó wá ku kíkà. Èèyàn mẹ́ta ló wà lẹ́yìn B, torí náà B ò lè kọjá ipò 3. B, D àti E gbọ́dọ̀ ti lọ kó tó kan F, F ò lè wá ṣáájú ipò 4. D ń bẹ láàárín 2 sí 4. Ẹni tí ìlà kankan ò wọlé sí lára ló lè ṣe ìkíní, ìyẹn B, E tàbí A. Ẹni tí ìlà ò jáde lára ẹ̀ ló lè kẹ́yìn, G, F tàbí A.

Tí wọ́n bá wá ní G wà ní ipò 3 ńkọ́? B ti gba 1 nìyẹn, D gba 2, ó ku A, E, F, E sì gbọ́dọ̀ ṣáájú F: AEF, EAF, EFA. Mẹ́ta péré, kò sí kọjá bẹ́ẹ̀.

Rúùlù tó ní "tí" nínú máa ń dà bí ìdẹkùn. "Tí E bá ṣáájú B, A ló máa kẹ́yìn": ẹ yí i padà kíá, tí A ò bá kẹ́yìn, B ló ṣáájú E. Àmọ́ tí A bá kẹ́yìn, a ò tíì mọ nǹkan kan nípa E àti B.

Tẹ́ ẹ bá débi ìbéèrè, ẹ wò ó bóyá "gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́" ni wọ́n sọ àbí "lè jẹ́ òótọ́". Fún "lè jẹ́", ìtò kan ṣoṣo tó bá ṣeé ṣe ti tó, ẹ má wá òmíì mọ́. Fún "gbọ́dọ̀", ìtò kan tó bá ta kò ó ti pa ìdáhùn yẹn, torí ẹ̀ ni ẹ ò ṣe gbọdọ̀ nu àwọn ìtò tẹ́ ẹ ti ṣe níbi ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ́, wọ́n á tún wúlò fún ti ìkẹrin, ìkarùn-ún.