"Interrupt" Ò Gba "Mouth": Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kan

"Don't interrupt my mouth." Kò sí ọmọ Yorùbá tó rí gbólóhùn yìí tí kò ní mọ ilé tó ti jáde wá: "Má gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu." Yorùbá rẹ̀ dán mọ́rán. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni kò sunwọ̀n. Kò bá má dun èèyàn tó bẹ́ẹ̀ bí kì í bá ṣe owó tí àwọn èèyàn wa ń ná lórí Gẹ̀ẹ́sì: owó kíláàsì, owó IELTS (ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì), owó IELTS ẹlẹ́ẹ̀kejì, owó ẹni tó ń bá wọn tún lẹ́tà kọ. Ọ̀rọ̀ tí wọn ìbá jókòó tì fún wákàtí kan péré, òun ni wọ́n ń gbé kiri fún ọdún márùn-ún láìmọ ibi tó ti ń bu wọ́n jẹ.

Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kí "interrupt" tó wọlé. Ohun kan ti ń lọ lọ́wọ́. Ohun mìíràn já wọ àárín rẹ̀. Èyí tó ń lọ sì dúró, ìbáà ṣe fún ìṣẹ́jú àáyá méjì. Látìn ni wọ́n ti mú un wá: "inter" ni àárín, "rumpere" ni kí nǹkan já tàbí kó fọ́. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá ti yẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ ń wá.

Àkọ́kọ́: ẹ má fi ẹnu sí i, ẹ má sì fi "to" sí i. "Interrupt" ti gbé ẹnu àti ọ̀rọ̀ mì tán. Ẹni tí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń tẹ̀ lé e gbọnrangandan: "Don't interrupt me." Kì í ṣe "interrupt to me", kì í ṣe "interrupt for me". Bó bá jẹ́ nǹkan ni wọ́n dá dúró, nǹkan náà ló máa tẹ̀ lé e: "The phone interrupted our lunch." Ó sì lè dá dúró láìsí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀: "Please don't interrupt." Ẹ fẹ́ sọ ohun tí wọ́n fi já lu ọ̀rọ̀? "With" ló ń gbé ìyẹn: "She interrupted me with a question."

Èkejì: r méjì ni. Ọ̀kan parí "inter", ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ "rupt". Orí "rupt" lẹ ó sì ti tẹ ohùn mọ́lẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́ sórí "in".

Ẹ̀kẹta, ibí gan-an ni orí ti ń fọ́ mi: kí èèyàn kó "interrupt", "disturb", "disrupt" àti "interfere" sínú àpò kan ṣoṣo nítorí pé "ó dí mi lọ́wọ́" lè bá gbogbo wọn lọ lédè tiwa.

"Disturb", ara ni kò balẹ̀. Ohun tí ẹ ń ṣe lè máà dúró rárá. Aládùúgbò tó tan jẹnẹrétọ̀ ní aago méjì òru ń "disturb" yín bí ẹ ti ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí ẹ bá ti sùn lọ tí ariwo náà sì jí yín, ìgbà yẹn ló "interrupt" oorun yín. Ìdí nìyí tí káàdì tí wọ́n ń fi kọ́ ilẹ̀kùn òtẹ́ẹ̀lì fi ń sọ pé "Do not disturb". Ẹni tó bá kọ "Do not interrupt" síbẹ̀ ti sọ yàrá di ibi ìpàdé. Ẹ tún kíyè sí i pé "that boy is disturbing me", tí a fi ń sọ pé ọmọ náà ń yọ wá lẹ́nu, "bothering" ni òyìnbó sábà máa ń lò níbẹ̀. Ní etí tirẹ̀, ohun tó "disturbing" jẹ́ ohun tó ń kó ìpayà báni.

"Disrupt", ètò ló dà rú. Yìnyín bọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin kan pẹ́, wọ́n fagi lé òmíràn, ẹ̀kẹta ń rọra wọ́ bọ̀. Ìrìn ọkọ̀ kò dúró pátá, àmọ́ kò rí bó ṣe yẹ kó rí mọ́. "Disrupted" nìyẹn.

"Interfere" ńkọ́? Kí èèyàn dá sí ohun tí kò kàn án ni: "Don't interfere in their marriage." Ẹ wá fara balẹ̀ ka èyí tó kàn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́nu ará Bìrìtìkó, "to interfere with" èèyàn, àgàgà ọmọdé, ní ìtumọ̀ kan tó burú jáì: kí wọ́n fọwọ́ kan ẹni náà lọ́nà ìbálòpọ̀ tí kò tọ́. Ọ̀rọ̀ àfibò tí wọ́n ti ń lò fún ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ tipẹ́ ni. Ẹni tó kọ "I interfered with the resident while she was eating" sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà rò pé òun sọ pé òun dá oúnjẹ mọ́ ìyá arúgbó lẹ́nu láti fún un lóògùn. Ọ̀gá tó máa kà á lè máà rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó kọ kò gùn: "Lunch was interrupted at 12.40 for medication. She resumed her meal at 1.05." Ẹ wo aago kejì yẹn dáadáa. Bí ẹ bá ti kọ "interrupted", ohun tí ẹni tó ń kà á máa kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ó padà bẹ̀rẹ̀. Ẹ dá a lóhùn kó tó béèrè: ìgbà tó dúró, ohun tó dá a dúró, ìgbà tó tún bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí kò ní ìkẹta yìí kò tíì parí.

"Interject" náà ń ṣìnà lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì ńlá. Kò sí "he interjected me". Èèyàn ni "interrupt" ń mú, ọ̀rọ̀ ni "interject" ń mú: "'That is false,' she interjected." "Butt in" ní t méjì, ìbáwí ló sì wà nínú rẹ̀: ẹ lè fi sọ ti ara yín, "sorry to butt in", ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ bá sọ fún pé "you butted in" mọ̀ pé ẹ bú òun. "Cut me short" dáa, "cut my talk" kò dáa. "Chip in" rọlẹ̀ fún ìpàdé, àmọ́ níbi tí wọ́n bá ti ń dáwó fún ẹ̀bùn, owó ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ yín.

Ó kan ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. "Sorry to interrupt" ni ẹ ń sọ bí ẹ bá ń já wọlé lọ́wọ́. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ tán, "sorry for interrupting" tàbí "sorry I interrupted" ló kàn. "Sorry for interruption" ti gbàgbé "the" sílé. Ṣùgbọ́n àṣìṣe tó tóbi jù níbẹ̀ kì í ṣe ti gírámà, gígùn ẹ̀bẹ̀ wa ni. Ilé ni wọ́n ti kọ́ wa pé ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà, bí a bá sì máa pòwe níwájú wọn, a ó ní "tótó ó ṣe bí òwe" kí wọ́n tó ní a ó pa òmíràn. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ẹ gbé e wọ ìpàdé Zoom ìṣẹ́jú 30 bí ó ti rí, kí ẹ kí alága, kí ẹ tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ ní ẹ mọ̀ pé kò yẹ kí ẹ sọ̀rọ̀, wọ́n á ti kúrò lórí kókó náà kí ẹ tó débẹ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ti tó: "Sorry to interrupt, Helen. Is that figure for May or June? Thanks, go on." Ẹ já wọlé, ẹ béèrè, ẹ dá ọ̀rọ̀ padà fún ẹni tó ni ín. Ìkẹta yẹn ni ìwà ọmọlúàbí nínú Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni ọ̀pọ̀ wa ń fò.

Nígbà tí a sì wà lórí Zoom, ẹ pa máìkì yín. "Ẹn", "ẹn-ẹ́n", "hùn-ún" tí à ń fi gbe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ kì í ṣe ìjálu ọ̀rọ̀ fún wa, ẹni tí kò bá tiẹ̀ gbe ọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ ni a ń bi pé ṣé ó ń gbọ́. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn. Ó lè rò pé ẹ̀yin ló kàn láti sọ̀rọ̀, á sì gbé ojú yín bo ti olùbánisọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ ṣọ́ "Am I interrupting something?" Bí ẹ bá yọ "something" kúrò, ìbéèrè lásán ni. Bó bá wà níbẹ̀, ó lè dún bí ẹni tó ká àwọn méjì mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. "As I was saying" náà, ẹnu ẹni tí wọ́n já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ti ń jáde, ó sì ń ta bí ata bí ẹ bá sọ ọ́ sí ọ̀gá.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Bìrìtìkó, "interruption of studies" kì í ṣe pé nǹkan dí yín lọ́wọ́. Orúkọ ètò kan ni: ẹ gba ààyè láti dá ẹ̀kọ́ dúró, nígbà míì fún ọdún kan, kí ẹ tó padà. Ẹni tí ibà mú fún ọ̀sẹ̀ kan, tó wá kọ̀wé pé "I want to interrupt my studies", ti béèrè ohun tí kò fẹ́. Bó bá jẹ́ físà akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé e débẹ̀, yunifásítì ní láti fi irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ tó Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà, létí, ó sì lè di pé kó palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀: "I was ill from 3 to 10 March and missed two seminars." Bí ọjọ́ iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ kí wọ́n sún síwájú, "extension" ni orúkọ rẹ̀.

IELTS tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan: ìṣẹ́jú 11 sí 14 ni ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ. Ní apá kejì, wọ́n á fún yín ní ìṣẹ́jú kan láti múra, ẹ ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bí ìṣẹ́jú méjì bá pé, olùdánwò máa dá yín dúró, kódà bí ẹ bá wà láàárín gbólóhùn. Aago ló dá yín dúró, ẹ kò kùnà. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé "sorry for talking too much", ọkàn wọn á sì pòrúurùu wọ apá kẹta, níbi tí ìbéèrè ti ń le sí i. Àwọn mìíràn á yára sọ èyí tó kù lórí ohùn olùdánwò. Ẹ dákẹ́, ẹ gbọ́ ìbéèrè tó kàn.

UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ: "uninterruptible" ni àpótí náà, "uninterrupted" ni iná tó ń fún yín.

Ẹni tó ń kọ́ Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, tó tẹ Ctrl+C tó sì rí "KeyboardInterrupt", nǹkan kan ò bàjẹ́. Ìwọ lo ní kó dúró, ó dúró.

Ó ku ti àwọn òǹkọ̀wé. Nínú ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, àmì tóótòòtó mẹ́ta wà fún ẹni tí ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí pé ó ń ronú tàbí pé ojú ń tì í: "I never said…" Ìlà gígùn wà fún ẹni tí ẹlòmíràn gba ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu, ẹ má sì fi àmì ìdánudúró tì í lẹ́yìn:

"I never said—"

"You did."