Bí ẹ ṣe máa kọ orúkọ àdìrẹ kí ẹni tó ń wá a lè rí i

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ta àdìrẹ ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ "Ọjà tuntun ti dé o" sí àkọlé aṣọ (orúkọ tí ẹ fún un lórí ojú òpó ọjà) mọ́. Ohun tí oníbàárà máa tẹ̀ ni kí ẹ kọ, kí ó sì tò bákan náà nígbà gbogbo: irú àdìrẹ, irú aṣọ, àwọ̀, yáàdì, ìlú. Bíi: "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, kọ́tìnì, búlúù, yáàdì 5, Abẹ́òkúta". Ọ̀rọ̀ inú àkọlé, àti ti inú àlàyé lọ́pọ̀ ìgbà, ni ẹ̀rọ ń fi wé ohun tí èèyàn tẹ̀. Èyí tí ẹ kọ sára fọ́tò, ọ̀pọ̀ ojú òpó ọjà kì í kà á. Àwọ̀ ló máa ń dàrú jù. Bí ẹ bá kọ "búlúù" lónìí, "aró" lọ́la, "blue" lọ́túnla, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kọ̀ǹpútà ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, ẹni tó bá sì fi àwọ̀ ṣa ọjà kò ní rí méjì nínú wọn. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ dúró lórí ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni yáàdì: "5" nìkan, kì í ṣe "márùn-ún" níbí, "5yds" lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ àmì ohùn, nítorí náà ẹ fi "adire eleko" sínú àlàyé lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ ẹlẹ́kọ (tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí) sí oníko (tí wọ́n fi ìko dì) ni ọgbọ́n yìí ò lè ràn lọ́wọ́. Fọ́tò tí ẹ yà lójú ọ̀sán, tí ojú iṣẹ́ aṣọ hàn ketekete, ni tirẹ̀.