Kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí sùkúù páílọ́ọ̀tì lókè òkun, ẹ ka bàlúù wọn

Látìgbà tí àbúrò mi ti gba láísẹ́ǹsì bọ̀ wálé, pálọ̀ wa ní Tanke nílùú Ìlọrin ti di ibi tí gbogbo ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ wa bàlúù ń wá jókòó sí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá bàbá kan wá láti Ọ̀ffà, fáìlì wà lábíyá, wọ́n ní "Alhaja, ẹ ṣáà dárúkọ sùkúù kan fún mi kí n máa lọ." Mo ní bàbá, ẹ jókòó ná, ẹ mumi, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ.

Àkọ́kọ́ ná, níbo lọmọ yẹn fẹ́ ti jẹun? Láísẹ́ǹsì bàlúù, ti orílẹ̀-èdè tó fún yín ni. Tó bá lọ sí Amẹ́ríkà, ti FAA, àjọ òfuurufú wọn, ló máa gbà, tó bá jẹ́ Yúróòpù ti EASA, àjọ tiwọn náà, ni, ìlú ọba sì ti dá tiẹ̀ yà látìgbà tí wọ́n jáde kúrò nínú EASA ní ìparí 2020, torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni. Tó bá ń padà bọ̀ nílé, NCAA, àjọ òfuurufú tiwa, ló máa yí i sí ti Nàìjíríà, wọ́n á kọ̀wé sí àwọn tó fún un láti rí i pé òótọ́ ni, á sì tún ṣe ìdánwò òfin òfuurufú tiwa. FAA yá, ìwé rẹ̀ ò pọ̀. EASA ní ìdánwò 13 fún ATPL, ìyẹn láísẹ́ǹsì páílọ́ọ̀tì éèláìnì, máàkì 75 nínú 100 lẹ gbọ́dọ̀ gbà nínú ìkọ̀ọ̀kan, ọmọ tí kò fẹ́ràn ìwé á sunkún níbẹ̀. Àwọn tó sì ń rò pé ọmọ á gba CPL (láísẹ́ǹsì tí páílọ́ọ̀tì fi lè gbowó iṣẹ́) tán ní Amẹ́ríkà á bọ́ sí bàlúù ńlá lọ́jọ́ kejì, rárá o, wákàtí 1,500 ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn gbọ́dọ̀ fò kí éèláìnì tó gbà wọ́n níbẹ̀.

Èkejì, mẹ́díkà, àyẹ̀wò ìlera. Class 1, ti àwọn tó ń fi bàlúù ṣiṣẹ́ jẹun, ni kẹ́ ẹ ṣe, lọ́dọ̀ dókítà tí àwọn aláṣẹ òfuurufú fọwọ́ sí, kí ẹ TÓ san kọ́bọ̀ kankan. Ojú tí kì í dá àwọ̀ mọ̀ dáadáa lè dí ọmọ lọ́nà, kò sì sí bí wọ́n ṣe lè fi owó yí ìyẹn padà.

Wàyí o, bàlúù. Ibí ni wọ́n ti mú wa. Sùkúù tí àbúrò mi kọ́kọ́ lọ (mi ò ní dárúkọ wọn, ẹ má bi mí), wọ́n gbé fọ́tò bàlúù 14 sórí wẹbusáìtì, gbogbo rẹ̀ ń dán gbinrin. Bàbá wa ta ilẹ̀ wọn kan ní Ganmo sí i. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tó débẹ̀, wákàtí mẹ́sàn-án péré ló tíì fò. Mo ní kó fi fídíò pè mí, kó máa rìn láàárín àwọn bàlúù yẹn kí n fojú ara mi rí i. Ọ̀kan, wọ́n ti yọ abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀. Ìkejì, táyà ti rọ̀, koríko ti yọ lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò ẹ́ńjìnnì ọ̀kan, ẹyẹ ti kọ́lé síbẹ̀, ẹyin méjì ló wà nínú ẹ̀! Mẹ́rin ló ń fò nínú 14, akẹ́kọ̀ọ́ 50 ló sì ń dúró dè wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ṣírò ọjà ní Ọjà Ọba. Bàlúù mẹ́rin, ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fò wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, 24 nìyẹn, pín in fún èèyàn 50, kò tó ààbọ̀ wákàtí fún ẹnì kan, òjò ò tíì rọ̀ o, kùrukùru ò tíì bolẹ̀, mẹkáníìkì ò tíì ní òun ń ṣe sáfíìsì. Bẹ́ẹ̀, CPL ti FAA ń fẹ́ wákàtí 250 lábẹ́ òfin Part 61, tàbí 190 lábẹ́ Part 141, ìyẹn sùkúù tí FAA fọwọ́ sí ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ wá wò ó bóyá ọdún kan tí wọ́n kọ sínú ìwé ìpolówó yẹn ṣe é ṣe.

Torí náà, ẹ má béèrè pé bàlúù mélòó lẹ ní. Ẹ béèrè pé mélòó ló fò lánàá, ẹ ní kí wọ́n ya ìwé tí wọ́n fi ń pín bàlúù fún akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ránṣẹ́. Olùkọ́ mélòó ni, ṣé wọn ò máa ṣíwọ́ lóṣooṣù, torí olùkọ́ míì ń kó wákàtí jọ ni, éèláìnì pè é báyìí ó ti lọ. Ẹ wá akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èyí tí sùkúù fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀ o, ìyẹn á yìn wọ́n ni.

Owó ńkọ́? Iye tí wọ́n kọ síwájú ìwé, wákàtí tó kéré jù tí òfin gbà ni wọ́n sábà fi ṣírò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ sì máa ń kọjá ìyẹn, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀, àmọ́ ẹ fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá epo wà nínú owó wákàtí. Ẹ bi wọ́n bóyá Hobbs, aago kan nínú bàlúù, ni wọ́n fi ń ka wákàtí, torí ìyẹn, látìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́ ló ti ń kà, bí bàlúù bá tò sórí ìlà ogún ìṣẹ́jú kó tó gbéra, ẹ̀yin lẹ sanwó rẹ̀. Owó ẹni tó ń dán ọmọ wò, hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì, ilé, oúnjẹ, àtúnṣe ìdánwò, wọn kì í kọ gbogbo ìyẹn síbẹ̀.

Ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan, kódà kí wọ́n ní àwọn á bu díẹ̀ kúrò fún yín. Sùkúù bàlúù ń kógbá sílé o, owó á sì wọlẹ̀ pẹ̀lú wọn. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: dọ́là ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní Júùnù 2023 tí wọ́n tú náírà sílẹ̀, dọ́là tó ń bẹ ní bí 470 ní báńkì ti kọjá 1,400 nígbà tí Fẹ́búárì 2024 fi máa parí, àwọn tí ọmọ wọn wà láàárín ọ̀nà nígbà yẹn jìyà. Ẹ ra dọ́là náà, kí ó wà nínú dọ̀mí àkáǹtì yín, ẹ máa fi ránṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ bá ṣe ń fò. Kí àdéhùn owó tí wọ́n máa dá padà sì wà ní kíkọ.

Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, sùkúù tó lè fún ọmọ ní I-20, ìwé tí wọ́n fi ń tọrọ físà akẹ́kọ̀ọ́, nìkan ló lè jẹ́ kó gba físà M-1, ti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, ọmọ ò sì lè ṣiṣẹ́ jẹun tó bá ń kàwé lórí rẹ̀, ìyẹn ni pé owó oúnjẹ ò ní wá láti ibòmíràn. Àyẹ̀wò TSA, àjọ ààbò ìrìnnà wọn, tún wà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fò.

Bàbá Ọ̀ffà gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, wọ́n ṣí fáìlì, sùkúù mẹ́ta ló wà níbẹ̀. A pe àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ní bàlúù mélòó ló fò lánàá. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní òun ò ní ìwé ìyẹn lọ́wọ́, kí n fún òun ní ímeèlì mi. Bàbá ò sọ̀rọ̀, wọ́n yọ ìwé sùkúù yẹn kúrò nínú fáìlì, wọ́n ṣẹ́ ẹ po.